Ibùdókọ̀ 272 Láàárín Ọjọ́ Kan: Àwọn Tó Ń Bá Aago Sáré Lábẹ́ London

Lónìí kò sí àlejò lọ́dọ̀ mi, èmi nìkan ni. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fún ìyá mi lórí fóònù, láti Ìbàdàn ni wọ́n ti bi mí pé, "Ṣé wọ́n máa sanwó fún ẹ ni?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣé ara rẹ yá ṣá?"

Tube Challenge ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará London ń pè ní Tube. Ibùdókọ̀ 272 ló ní. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń jí ní ìdájí, wọ́n á wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, wọn ò sì ní sinmi títí wọ́n á fi dé gbogbo ibùdókọ̀ yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹni tó bá yára jù, Guinness World Records á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ lórí TikTok o. Lọ́dún 1959, George Hurst àti Jane Barwick fi wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 35 ṣe é, nígbà tí ibùdókọ̀ jẹ́ 264. Ní February 2015, àwọn méjì kan fi wákàtí 16, ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 parí 270. Ẹ pín in wò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ àti díẹ̀ ni fún ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ Guinness dáadáa láti 2023, nígbà tí Hilda Baci dáná ní Èkó tí gbogbo wa ò sùn. Ẹ rántí pé wákàtí 100 ló kà lórí aago tirẹ̀, àmọ́ wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n fọwọ́ sí, nítorí ìsinmi kan tó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn. Lórí Tube náà, wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ ó ní ìwé tí ẹ ń kọ aago tí ẹ dé ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan àti aago tí ẹ kúrò sí, ẹ ó ní àwòrán àti fídíò, ẹ ó sì máa bẹ àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí pé kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn rí yín. Ẹ fojú inú wò ó: aago méje àárọ̀, nínú ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, ní London tí ẹnikẹ́ni kì í wojú ẹnikẹ́ni, ẹ wá na ìwé àti bírò sí ẹnì kan.

Òfin yòókù ò le lóye. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní ibùdókọ̀ náà. Tó bá kọjá láìdúró, kò kà. Tube ni ẹ gbọ́dọ̀ bá dé ibẹ̀ tàbí kí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Láàárín ibùdókọ̀ kan sí òmíràn, ẹ lè fi ẹsẹ̀ sáré, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì tí gbogbo ayé ń wọ̀. Takisí ò sí níbẹ̀. Mọ́tò ọ̀rẹ́ yín ò sí níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ò sí níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tètè rí ni pé kò sí bí ẹ ṣe lè yára ju ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ tó gbé àwọn tó gba rẹ́kọ́ọ̀dù náà ló máa gbé èmi àti ẹ̀yin, bó ṣe ń lọ fún wọn náà ló ń lọ fún wa. Ibi tí ọkọ̀ ò sí gan-an ni eré wà. Ilẹ̀kùn wo lẹ máa dúró sí kó lè jẹ́ pé tó bá ṣí, àtẹ̀gùn ló máa wà níwájú yín? Ibo lẹ ti máa bọ́lẹ̀ kí ẹ sáré gba ojú títì lọ bá láìnì mìíràn, dípò kí ẹ padà wọ inú ìlú? Bí àpẹẹrẹ, Edgware ni òpin ẹ̀ka kan, Stanmore ni òpin ẹ̀ka mìíràn. Lórí máàpù wọ́n jìnnà síra. Lórí ilẹ̀, kìlómítà mẹ́ta péré ni. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jèrè ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń lé rẹ́kọ́ọ̀dù yìí fi máa ń fi ọ̀nà wọn pa mọ́ bí ẹni fi àgbo ìdílé pa mọ́.

Àwọn ibì kan wà tó ń fìyà jẹ èèyàn. Chesham ni olórí wọn. Òun ló jìnnà jù sí àárín ìlú, láti ibẹ̀ sí ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e ju kìlómítà mẹ́fà lọ, bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọkọ̀ sì ń wá. Tí ilẹ̀kùn bá pa dé mọ́ yín lójú níbẹ̀, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹ búrẹ́dì. Ẹ fi wé Covent Garden àti Leicester Square, tí àárín wọn ò tó mítà 300. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín lè dé kí ẹni tó dúró de ọkọ̀ tó dé. Kensington (Olympia) tún wà níbẹ̀, tí Tube kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, àfi ìwọ̀nba lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Gbogbo ètò ọjọ́ yín lè dá lórí ibùdókọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

London tún máa ń tilẹ̀kùn. Subway New York, ibùdókọ̀ 472, máa ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, torí náà ẹ lè máa yí i ká títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí gbóná níbẹ̀ láwọn ọdún 1960, Peter Samson, ọ̀kan lára àwọn ọmọ MIT tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, lo kọ̀ǹpútà láti wá ọ̀nà tó yá jù. Láyé ìgbà yẹn o, tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bíi yàrá! Àmọ́ ní London, láàárín ọ̀sẹ̀, tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ ó parí í, tàbí kí ẹ sùn.

Tí ẹ bá wá gba rẹ́kọ́ọ̀dù náà tán, kò ní pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní September 2021, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ tuntun méjì, Nine Elms àti Battersea Power Station. Ọjọ́ yẹn ni 270 di 272. Ẹni tó ní rẹ́kọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó sáré parí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ mọ́. (Ní Èkó, ibùdókọ̀ márùn-ún ni Blue Line fi bẹ̀rẹ̀ ní 2023, láti Marina dé Mile 2. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiẹ̀, kó tètè lọ báyìí tó ṣì lè ṣe é kó tó jẹun ọ̀sán.)

Báwo ni tèmi ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé Peckham, Peckham ò sì ní Tube rárá. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ilé, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà. London tó wà lórí mi ò ju ibùdókọ̀ mẹ́rin lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bọ̀dá Kúnlé, tiwọn ò sàn jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti lo ogún ọdún níbí. Bọ̀dá ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ìlú tí mò ń san owó orí fún yìí, mi ò mọ̀ ọ́n?" Mi ò ní èsì.

Oṣù mẹ́ta la fi ṣètò. Wákàtí 17 la kọ sórí ìwé. A gba ìsinmi níbi iṣẹ́, tiwọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sanwó fún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi yẹn sọ́kàn. A fi ọkọ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Chesham, pẹ̀lú chin-chin, ẹyin sísè, àti omi tí a ń fi pá ọ̀fun nìkan, nítorí ilé ìtura ò pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ sì mọ ohun tí mo ń sọ. Fóònù méjì, power bank mẹ́ta. Mo ti ya àwòrán gbogbo ètò ọkọ̀ sórí fóònù torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sá lọ nínú ihò. Àmọ́ ó yà mí lẹ́nu pé ju ìdajì Tube lọ ni kò sí lábẹ́ ilẹ̀ rárá! Oko ni mò ń rí. Àgùntàn. Mo ní Bọ̀dá, ṣé London ṣì nìyí?

Aago méjì ọ̀sán, à ń lọ dáadáa. Láti Edgware sí Stanmore, orúnkún Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ẹnì kan ò yá nínú ọkọ̀ tó wà níwájú tiwa, gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn dúró. Ìṣẹ́jú 25, nínú ihò. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí aláìsàn. Nígbà tí a máa fi jáde, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí 17 ti lọ.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ẹsẹ̀ yín ò dáa."

Wọ́n wò mí. "Àwa mélòó la ti dé?"

"Mọ́kàndínláàádọ́jọ, sà."

"Ìwọ fẹ́ lọ sílé? Iṣẹ́ tí mi ò lọ lónìí, ṣé o máa san án fún mi?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Àwọn wákàtí tó tẹ̀ lé ìyẹn ni mo gbádùn jù, kí n má purọ́ fún yín. Kò sí rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́, aago ọkọ̀ ìkẹyìn nìkan là ń bá jà. Bọ̀dá ń tiro, wọ́n ń ka orúkọ ibùdókọ̀ sókè bí ẹni ń ka orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì: Theydon Bois, Fairlop, Barkingside. Obìnrin kan tó buwọ́ lùwé wa ní Upminster béèrè ohun tí à ń ṣe, ó sì bọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín.

Heathrow la fi sí ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ọkọ̀ kan ń lọ sí Terminal 4, òmíràn ń lọ sí Terminal 5. Nígbà tí a dé ìlà yẹn, ọkọ̀ tó ń lọ sí 4 ti tán fún ọjọ́ náà. A wọ ti 5. Hatton Cross, Terminals 2 & 3, Terminal 5. Ó ku díẹ̀ kí aago kan òru lù. 271.

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, Terminal 4 ni mo balẹ̀ sí lọ́jọ́ tí mo dé London, èmi àti báàgì méjì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bọ̀dá. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ jàre, o ti débẹ̀."

Mo ní Guinness ò ní gbà á.

Wọ́n ní, "Ta ló bi wọ́n?"

Bọ́ọ̀sì òru N9 la wọ̀ padà sínú ìlú. Bọ̀dá lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìwé wa ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ìlà kan ṣófo nínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀, a máa tún un ṣe, Heathrow la ó sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Orúnkún Bọ̀dá ló máa sọ bóyá méjì la máa jẹ́ tàbí ẹnì kan. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí Stanmore tó fẹ́ gbé omi dúró dè wá, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.