Irin Kì Í Hù Bí Irun



Láti 1977 ni èbúté Tin Can Island ti dara pọ̀ mọ́ ti Àpápá tó ti wà tipẹ́. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ti ń rú èéfín, ohun tó ń yá lẹ́nu àwa mẹkáníìkì ni, "Ẹ lọ ra òmíràn." Ẹ́ńjìnnì tí ẹ kò rí inú rẹ̀ lẹ fẹ́ lọ rà yẹn. Èyí tó wà nílẹ̀, ẹ lè tú u, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni mo bá wá, torí irun tí a fá a máa hù. Irin tí a bá fá, ó lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú Toyota 4A-FE inú Corolla àtijọ́. Ihò písítọ̀nù rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 81. Òkè ihò, níbi tí ríìngì àkọ́kọ́ ti ń ṣẹ́rí padà, ló máa ń jẹ jù, torí ooru pọ̀ níbẹ̀, ọ́ìlì sì kéré. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ gòkè. Bó bá kọ́ etí kan, irin ti jẹ. Ṣùgbọ́n èékánná kò mọ iye. Ihò náà kì í sì í jẹ yíká bákan náà: ẹ̀gbẹ́ tí písítọ̀nù ń fara tì nígbà tí iná bá ń tì í wálẹ̀ ló ń jẹ jù. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gígùn kíráńkì àti ní ìdábùú rẹ̀, lókè, láàárín, nísàlẹ̀.

Ká ní ìwọ̀n ìdábùú fi 81.18 hàn. Ẹni tó ń kánjú yóò ní 0.18 kò kúkú tó 0.25, kí wọ́n ra písítọ̀nù tó fi 0.25 tóbi. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣègbé. Bí wọ́n bá ríbóò ihò, ìyẹn ni pé wọ́n fá a fẹ̀ sí i, láti àárín rẹ̀, ìdajì ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rí: 0.125. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ, kòtò ibẹ̀ jìn tó 0.18, ọ̀bẹ ẹ̀rọ kò ní kàn án. Ẹ ó rí àbàwọ́n dúdú gbọọrọ lára irin tó ń dán, ibẹ̀ ni ọ́ìlì yóò ti máa gòkè lọ jóná. 0.50 ló kàn, fún ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá sì jẹ́ ọ̀kan péré ló bàjẹ́, sílíìfù, páìpù irin tí a ń tì bọ inú ihò, lè dá a padà sí 81. Kí písítọ̀nù sì wà lọ́wọ́ kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù lọ, torí òun ni wọn yóò fi díwọ̀n ihò.

Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kò nílò ríbóò: sílíìfù rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú písítọ̀nù.

Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ló ń dùn mí jù. Ọkọ̀ á há sáàárín tírélà lójú ọ̀nà èbúté, omi á gbẹ, irin á tẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n fá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó kọ iye tí wọ́n fá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo fífá ló ń fún àyè iná pọ̀, tó sì ń mú fáàfù sún mọ́ orí písítọ̀nù. Ẹ gbé rúlà irin tó gún régé lé e lórí. Bí abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ìwọ̀n mìlímítà 0.05 kò bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá níbikíbi, ẹ má fá a rárá.

Ẹ̀yin ọmọọṣẹ́, ẹ bá mi ṣe ohun kan. Ẹ máa fi òǹtẹ̀ irin lu iye tí ẹ fá àti ọdún tí ẹ fá a sí ara tọ́ọ̀pù tàbí búlọ́ọ̀kù náà, níbi tí ẹni tí yóò tú u lẹ́yìn yín yóò ti rí i.