Omi Tí Ń Jáde Lábẹ́ Àkìtàn
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ kànga bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa)



Àwa tí ẹ yàn láti mójú tó kànga ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbẹ́ sílé ni a dìde. Ẹ rántí pé ilẹ̀ tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ wà lẹ́bàá àkìtàn, a sì kọ̀ ọ́. Inú àwọn kan kò dùn, wọ́n ní owó ilẹ̀ mìíràn yóò pọ̀ jù. Ìdí tí a fi kọ̀ ọ́ nìyí.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Bátìrì, ọ̀dà, oògùn tó ti bàjẹ́, oúnjẹ tó ti rà, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ iṣẹ́ aró àti ọṣẹ dúdú, ẹ mọ̀ pé bí a bá da omi sí eérú nínú ìkòkò tí a lu nídìí, omi tó kán sílẹ̀ kì í ṣe omi lásán mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjò ṣe ń gba inú àkìtàn kọjá. Ohun tó bá fọ̀ níbẹ̀ ló ń gbé lọ sínú omi abẹ́ ilẹ̀, omi yẹn kan náà ni kànga sì ń fà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Fresh Kills ní Staten Island, ní Níú Yọ́ọ̀kì níhìn-ín. Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ síbẹ̀, lórí àbàtà, láìtẹ́ ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀. Ó tó 2,200 éékà. Oṣù Kẹta ọdún 2001 ni wọ́n tì í, àmọ́ omi inú rẹ̀ kò tì. Wọ́n ní láti ri ògiri sínú ilẹ̀ yí òkìtì ká, kí wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá tí yóò kó omi ẹ̀gbin jọ, kí wọ́n sì bo òkè rẹ̀ kí òjò má baà wọlé mọ́. Omi tí wọ́n kó jọ ń lọ sí ilé ìwẹ̀nù kí wọ́n tó dà á sínú odò Arthur Kill.

Báwo ni a ṣe ń wẹ irú omi bẹ́ẹ̀? A máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè jẹ amóníà àti ìdọ̀tí inú rẹ̀. A ó fi kẹ́míkà sí i kí irin àti irú rẹ̀ lè dì, kí ó sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀, bí álọ́ọ̀mù ṣe ń mú omi tòrò nínú ìkòkò wa. A ó fi iyanrìn sẹ́ ẹ. Níbòmíràn, a tún ń fi èédú sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà òfin omi ti ọdún 1972, kò sí iléeṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tú irú omi bẹ́ẹ̀ sínú odò ní Amẹ́ríkà láìgba ìwé àṣẹ tó sọ bí ó ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó.

Ẹgbẹ́ wa kò lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tí agbára wa ká ni pé kí a jìnnà sí àkìtàn.

Ẹnìkan ní kí wọ́n máa se omi náà. Ẹ jọ̀ọ́, síse ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í lé òjé tàbí náítíréètì kúrò. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni wọ́n ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. Náítíréètì tó pọ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ má lè gbé atẹ́gùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Ojú kò lè rí i, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí a ra ilẹ̀ tó wà lókè, tó jìnnà sí àkìtàn àti ṣálángá. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà àdúgbò bóyá ibẹ̀ ti jẹ́ àkìtàn rí. Ẹ jẹ́ kí a ya owó sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò omi náà kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, àti lọ́dọọdún lẹ́yìn náà.

Lóòótọ́, omi kò lọ́tàá. Àmọ́ ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.