Ẹni tó fẹ́ ṣe alágbàtà ilẹ̀

 Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa bá èèyàn wá ilẹ̀ rà, ẹnu dídùn nìkan kò tó. Kí ẹ tó mú oníbàárà dé ibẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á: Ta ló ni ín? Ṣé gbogbo ẹbí gbọ́? Ẹ bi àwọn tó bá a pààlà. Ẹ wo ìwé.

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 ní Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2017, sọ pé titre foncier ni ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wádìí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé àti mẹ́rì ní Dassa.

Ilẹ̀ kan, ẹni méjì rà á: owó alágbàtà á tán, ìjà ẹbí ò ní tán. Láyé àtijọ́, a máa ń tẹ̀ka. Ní báyìí a mọ̀wé: ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.