Seve Ballesteros: Kádì Tí Ó Fi Ọ̀pá Kan Kọ́ Gọ́ọ̀fù

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Gọ́ọ̀fù ni. Ẹnì kan lè sọ pé, "Eré àwọn olówó! Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Sípéènì ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó wọ pápá gọ́ọ̀fù àfi bí ó bá fẹ́ bá ẹlòmíràn ru ẹrù.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà. Bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan ni, kò tó ẹyin adìẹ. Ènìyàn yóò fi ọ̀pá gbá a láti ibi kan, yóò rìn tọ̀ ọ́ lọ, yóò tún un gbá, títí yóò fi bọ́ sínú ihò kan tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìnṣì 4¼ lọ. Ihò 18 ni ó wà nínú pápá ńlá, òmíràn sì lè jìnnà tó 500 yáàdì sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Igi wà lọ́nà, omi wà lọ́nà, kòtò oníyanrìn sì wà tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ láti fi dẹkùn fún bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tí ó kéré jù lọ ni ó borí. Òfin gbà kí ènìyàn kó ọ̀pá 14 dání: èyí tí ń gbé bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, èyí tí ń gbé e lọ sókè, èyí tí ń tì í jẹ́jẹ́ sínú ihò. Àpò ọ̀pá wọ̀nyí wúwo, nítorí náà ẹni tí ń ṣeré a máa háyà ẹnì kan tí yóò bá a gbé e. Ẹni náà ni wọ́n ń pè ní kádì.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1957 ni wọ́n bí Severiano Ballesteros, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Seve, ní abúlé Pedreña, létí omi ní ìhà àríwá Sípéènì. Àgbẹ̀ tí ń sin màlúù ni bàbá rẹ̀. Àwọn ará abúlé náà ń dáko, wọ́n sì ń wọ omi lọ wá ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Igbókòdá, tí ẹ ń gbé púpurú lọ tí ẹ ń gbé ẹja bọ̀, irú ibẹ̀ kò ní ṣàjèjì lójú yín.

Ní ọdún 1928 ni wọ́n ti ṣí pápá gọ́ọ̀fù sí Pedreña fún àwọn ọlọ́lá. Ilé àwọn Ballesteros kò jìnnà sí i rárá. Bí àwọn olówó ti ń wá ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ abúlé ń bá wọn gbé àpò. Arákùnrin ìyá Seve, Ramón Sota, di ògbóǹtagí nínú eré náà, ó sì ṣe ipò kẹfà nínú ìdíje Masters ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965. Àwọn ẹ̀gbọ́n Seve mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà di aláṣejẹ gọ́ọ̀fù. Síbẹ̀ òfin pápá náà le fún ọmọdé: kádì kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kí ó ru àpò, kí ó gba owó rẹ̀, kí ó máa lọ sílé.

Kí ni Seve wá ṣe? Ó rí orí ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan tí ó ti dógùn-ún, ó gé igi, ó fi ṣe èèkù rẹ̀. Òkúta etí òkun ni ó ń gbá bí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Manuel fún un ní ojúlówó ọ̀pá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní irin kẹta. Ọ̀pá yìí, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣe é fún. Kí ènìyàn fi í gbé bọ́ọ̀lù sókè jẹ́jẹ́ láti inú iyanrìn dà bí ìgbà tí a bá fi àáké bó èèpo ọsàn. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọmọ náà ní, òun náà ni ó sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí omi òkun bá fà sẹ́yìn, a bọ́ sórí iyanrìn, a máa gbá a lọ gbá a bọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a yọ́ wọ inú pápá tí wọ́n ní kí ó má wọ̀, a máa ṣeré nínú òṣùpá. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àwọn kádì, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó fi 79 gba ipò kìíní. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ti ń ṣe eré náà fún ogún ọdún ni kò tíì rí 79 gbá rí.

Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí ó sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́ ní ọdún 1974. Ní ọdún 1976, ní Royal Birkdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 19 tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ó ń ṣáájú títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn nínú ìdíje Open. Johnny Miller ará Amẹ́ríkà ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Seve sì ṣe ipò kejì pẹ̀lú Jack Nicklaus.

Ó dé ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Ní ọdún 1978 ó gba ife ẹ̀yẹ Kenya Open. Ní ọdún yẹn kan náà ni Sandy Lyle ará Scotland gba ti Nàìjíríà, ìdíje tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969. Ní ọ̀pọ̀ pápá ilẹ̀ wa láyé ìgbà náà, iyanrìn tí a fi epo pò ni ó yí ihò ká, kì í ṣe koríko. Mo máa ń rò ó pé ibẹ̀ ì bá bá ọmọ etí òkun yìí lára mu. Àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti ibi ríru àpò bẹ̀rẹ̀ bí tirẹ̀.

Ọdún 1979 ni òkìkí rẹ̀ kàn, nínú ìdíje Open ní Royal Lytham. Nígbà tí ó dé ihò kẹrìndínlógún lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yà bàrá, ó di àárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ó parí fún un. Àwọn alábòójútó gbà á láyè kí ó gbé bọ́ọ̀lù kúrò láàrin ọkọ̀. Ó wò ó, ó gbá a, ó balẹ̀ nítòsí ihò. Ó tún tì í lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Àṣé ẹni tí ó ti ń gbá òkúta láàrin àpáta láti kékeré kò ka ibi tí kò dára sí ibi àjèjì. Ó fi ìgbá mẹ́ta ju Nicklaus àti Ben Crenshaw lọ.

Ní ọdún 1980, ọmọ ọdún 23, ó di ará Yúróòpù àkọ́kọ́ tí ó gba Masters ní Augusta. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ èyí: ní oṣù kẹfà ọdún náà gan-an, nínú ìdíje US Open, ó pẹ́ dé ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò. Wọn kò wo ti Masters mọ́ ọn lára.

Ó ní ìjà nínú pẹ̀lú. Wọ́n ń fún àwọn ará Amẹ́ríkà lówó kí wọ́n tó wá sí ìdíje ní Yúróòpù, wọ́n sì ní àwọn ọmọ Yúróòpù kò gbọdọ̀ gba irú owó bẹ́ẹ̀. Seve kọ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọn kò fi mú un sínú ẹgbẹ́ Yúróòpù tí yóò bá Amẹ́ríkà figagbága fún Ryder Cup ní ọdún 1981. Àwọn kan pè é ní olójúkòkòrò. Ní tèmi o, ẹni tí ó ti fi èjìká ru àpò olówó mọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ tó. Wọ́n ránṣẹ́ pè é padà ní 1983, Yúróòpù sì gba ife náà ní 1985, wọ́n tún gbà á ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní 1987. Ní 1997, nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Sípéènì, Seve ni olórí ẹgbẹ́, wọ́n sì borí.

Ó gba Masters lẹ́ẹ̀kejì ní 1983, ó gba Open ní St Andrews ní 1984, àti lẹ́ẹ̀kẹta ní Lytham ní 1988. Àádọ́ta ìdíje ni ó gbà lórí ètò Yúróòpù. Èyí tí ó kẹ́yìn ni Spanish Open ti 1995. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn dídùn mú un, bọ́ọ̀lù kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ó fi eré sílẹ̀ ní 2007. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008 ó ṣubú ní pápá ọkọ̀ òfurufú Madrid, wọ́n sì rí kókó nínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni ó kú, ní ilé rẹ̀ ní Pedreña, ọmọ ọdún 54, ní abúlé kan náà tí ó ti ń yọ́ wọ pápá lóru pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo.