Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Lórí Ìwé?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-márùn-ún lórí owó ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni yóò tú ẹgbẹ́ wa ká wà láàárín wa níbí, wọ́n sì ti wọ aṣọ ẹbí tòní. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni a wá jẹ́. Ní ìpàdé gbogboogbò tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Apá kan ní owó tó wà ní báńkì ń rù lójoojúmọ́ nítorí ọjà tó ń wọ́n, pé ká gbé e síbi tí yóò ti bímọ. Apá kejì ní owó tí kò bímọ sàn ju owó tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹnì kan sì gbé fóònù sókè, ó fi áàpù kan hàn wá tó ń ṣèlérí èlé náírà 30 lórí 100 lóṣooṣù. Ẹ wá ní kí àwa márùn-ún lọ yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ká fi wọ́n wéra, ká padà wá jábọ̀.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tí a rí, ẹ rántí irú owó tí à ń sọ. Owó yìí ló bá wa sin òbí, òun ló san owó WAEC fún ọmọ àwọn tí nǹkan kò rọgbọ fún, òun náà ló gba ẹnì kan nínú wa wọ ọsibítù nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì ń wá ẹni tí yóò yá wọn lówó. Kì í ṣe owó fàájì. Bí ó bá ṣòfò, Akápò kọ́ ni ìyà máa jẹ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kú lọ́sẹ̀ kejì ni.

Àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò jìnnà sí ọjà ṣíà rárá. Ẹni tó bá gbéra ní Ìdúmọ̀tà lè fẹsẹ̀ rìn dé Customs Street, níbi tí Stock Exchange House wà. Ọdún 1960 ni wọ́n dá ilé ọjà náà sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ Lagos Stock Exchange. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ káràkátà ní 1961, ó di Nigerian Stock Exchange ní 1977, ó sì di NGX ní 2021. Orúkọ Èkó ló kọ́kọ́ jẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Márínà kò tíì béèrè ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ rí. Àwọn bàbá wa tó ra ṣíà gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí. Àwọn ẹbí mìíràn ṣì ń bá a pàdé níbi tí wọ́n ti ń pín ogún. Lónìí, inú fóònù ni ọjà náà wà. Nígbà tí àwọn báńkì ń wá owó kún owó ìdásílẹ̀ wọn ní 2024 nítorí àṣẹ báńkì àgbà, orí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú òpó NGX Invest, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra ṣíà wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé gbogbo wọn la ń pè ní áàpù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kò jọra. Irú kan wà tó jẹ́ ti alágbàtà ṣíà fúnra rẹ̀, bíi MeriTrade tí Meristem ní. Ẹ ó fi ra ṣíà ilé iṣẹ́ tó wà ní NGX, àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní CSCS, ilé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíà gbogbo wa. Irú kejì, bíi Cowrywise, ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ sínú àpò kan tí àwọn amòye ń fi ra ìwé gbèsè ìjọba àti nǹkan mìíràn. Ìpín ni ẹ ní nínú àpò náà. Irú kẹta, bíi Bamboo, Trove àti Risevest, ló gbajúmọ̀ fún ríra ṣíà Amẹ́ríkà pẹ̀lú dọ́là. Àwọn kan sì wà tí kì í ta ohunkóhun, ìròyìn ọjà ni wọ́n ń fúnni. A máa padà sórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fò ó. SEC ni àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ń ta ṣíà òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìforúkọ sílẹ̀. Chaka ló kọ́kọ́ gba irú ìwé àṣẹ tuntun tí wọ́n ṣe fún wọn lọ́dún náà. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ, báńkì àgbà gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti ti àkáǹtì Risevest, Bamboo, Trove àti Chaka fún ọjọ́ 180. Kì í ṣe pé wọ́n ní wọ́n kó owó ènìyàn jẹ o. Bí wọ́n ṣe ń rí dọ́là rà ni ẹ̀sùn náà dá lé. Àwa kò fi wọ́n wé gbájúẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá lè bá ìjọba ní gbólóhùn asọ̀, owó ẹgbẹ́ a sì wà láàárín. Owó ìsìnkú kò lè dúró fún ọjọ́ 180.

Ti áàpù olóṣù 30 yẹn ńkọ́? A wá orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, a kò rí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni yíyẹ̀ ẹ́ wò gbà wá lórí fóònù. Èlé 30 lóṣù náà ni MMM ṣèlérí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí ọ̀pọ̀ fẹ́ gba owó ọdún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX dé ibi kan náà. Wọ́n ní owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò rí owó wọn gbà mọ́, wọ́n tún ní kí wọ́n san dọ́là 100 tàbí 200 kí wọ́n tó lè gbà á. SEC ní àwọn kò fún un níwèé àṣẹ. Iye tó ń pọ̀ sí i lójú fóònù tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn, wọn kò béèrè ohun tí wọ́n ń rà tó fi ń pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé irú rẹ̀ wá sí ìpàdé wa, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń fi owó náà rà.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú wa nìyí: orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé? Ìsàlẹ̀ Èkó ni wá, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní èyí. Mélòó nínú ilé ẹbí tó wà ní àdúgbò wa ló ti di ẹjọ́ nítorí pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí rìsíìtì? Olóyè Àmọ́dù Tíjání, Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dé Privy Council ní London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Nígbà tí ìdájọ́ jáde ní 1921, wọ́n gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àpapọ̀, olóyè kàn ń mú un dání fún wọn ni. Ọpẹ́ ni fún un, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n rìn dé kí wọ́n tó gba ẹ̀tọ́ wọn.

Bí áàpù ṣe rí nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, BVN ẹnì kan ni wọ́n ń béèrè. Bí Akápò bá fi BVN rẹ̀ ṣí i, òfin mọ owó náà sí ti Akápò. Bí ó bá kú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò lọ sí kóòtù lọ gba ìwé ogún, àwa yóò máa sọ fún wọn pé owó wa wà nínú rẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ bá sọnù ní Balógun, ìṣòro mìíràn nìyẹn. Nítorí náà, áàpù tí kò bá gba àkáǹtì ẹgbẹ́, pẹ̀lú ju ẹnì kan lọ tó ń fọwọ́ sí i, a ti yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa, bó ti wù kó dára tó.

Lẹ́yìn èyí, a fi owó díẹ̀ láti inú àpò ara wa dán ọ̀nà mẹ́ta wò. Wíwọlé rọrùn níbi gbogbo. Ìjáde ni a lọ wò. Ibì kan dá owó padà lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì. Ibì kan gba ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Níbi kẹta, ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn, a kò bá ènìyàn ẹlẹ́ran ara kankan sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kọkànlá. A kò ní dárúkọ wọn nínú ìwé ayẹyẹ.

Ẹ tún ṣọ́ owó iṣẹ́. Ká ní alágbàtà gba náírà 1.35 lórí 100 nígbà tí a rà, tó sì tún gba iye kan náà nígbà tí a tà. Lórí 200,000 náírà, 5,400 ti lọ kí ìjọba tó gba tirẹ̀. Ti dọ́là tún le jù. Ká ní wọ́n ta dọ́là fún wa ní 1,600, wọ́n sì ń rà á padà ní 1,520: ẹni tó mú 100,000 wọlé tó yí ọkàn padà lọ́jọ́ kejì yóò gba 95,000, bẹ́ẹ̀ ṣíà kò tíì gòkè, kò tíì sọ̀.

Ní ti ìròyìn ọjà: àwọn alágbàtà ń kọ ìròyìn lórí ṣíà, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ológìrì kì í pe ògìrì rẹ̀ ní ohun tó ń rùn. Àwọn náà ló ń ta ṣíà. Ìwé ìròyìn bíi BusinessDay àti Nairametrics dára láti fi mọ ohun tó ń lọ. Síbẹ̀ ibi tí a ń parí sí ni ìṣirò ọdọọdún tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí NGX, torí ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ènìyàn ló sì lè kà á. A fi ohun tí áàpù kan kọ nípa èrè ilé iṣẹ́ kan wé ti ìṣirò náà, a rí i pé ti ọdún méjì sẹ́yìn ni áàpù ṣì ń gbé kiri. Bí ọjà bá ń gbóná, ẹ má gbàgbé 2008. Ní oṣù kẹta ọdún náà, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà wa kọjá 66,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 2009, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Àwọn tó yáwó ra ṣíà nígbà náà wà ní àdúgbò yìí.

Ohun tí a wá dámọ̀ràn nìyí. Owó ìsìnkú àti ti àìsàn kò gbọdọ̀ kúrò ní báńkì. NDIC dúró fún un títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà bí báńkì bá wó, èyí tí wọn kì í ṣe fún ṣíà. Nínú èyí tó kù, kí ìlàjì wọ àpò owó tó ń ra ìwé gbèsè ìjọba, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà nínú àkójọ SEC, lórúkọ ẹgbẹ́. Kí ìdá mẹ́rin kan wọ ṣíà NGX lọ́dọ̀ alágbàtà tó ní ọ́fíìsì ní Èkó níbí, tí a lè fẹsẹ̀ rìn lọ bá. Kí ìyókù dúró fún ọdún kan. Ẹgbẹ́ kò ní ra dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ ṣíà Amẹ́ríkà, kó fi owó ara rẹ̀ rà á. Ẹnì kan nínú àwa márùn-ún kò gbà, ó ní a ti ń bẹ̀rù jù. A ṣèlérí pé a ó sọ fún yín, a sì ti sọ.

Kò sí èyí tó lè bẹ̀rẹ̀ bí a kò bá forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC pẹ̀lú àwọn alámòójútó tí a fọwọ́ sí. Fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Àwọn tí ẹ bá yàn, kí wọ́n mú fọ́tò méjì àti nọ́ńbà NIN wọn wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n sì tètè dé.