Ya Fọ́tò Ẹ̀yìn Fìríìsà Kí Oníṣẹ́ Tó Dé

Ẹni tó bá ti ra ẹja rí ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, mọ̀ pé ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí fìríìsà bá kọṣẹ́, ìkánjú la fi ń pe oníṣẹ́. Ìkánjú yẹn gan-an ló léwu.

Ẹ wo àkọlé tó wà lẹ́yìn fìríìsà yín. Tí ẹ bá rí R600a tàbí R290, gáàsì tó ń gbiná ló wà nínú ẹ̀. R290, propane ni, ó wà nínú gáàsì ìdáná náà. Àmọ́ ti fìríìsà kì í rùn. Tó bá ń jò, imú ò ní mọ̀. Ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń kó jọ sí.

Torí náà, ẹ ya fọ́tò àkọlé yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ kó tó gbéra. Tó bá dé, ẹ yọ fìríìsà kúrò lára iná, ẹ gbé e síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, iná àti sìgá. Kí gáàsì inú ẹ̀ jáde tán kó tó jó páìpù. Gígé ni kó gé páìpù àtijọ́, kó má fi iná tú u. Kó má sì rọ R600a sínú fìríìsà tí wọ́n ṣe fún R134a. Súìṣì inú ẹ̀ lè ta iná.

Tó bá ní, "Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn látijọ́," ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e síta ná." Ẹja tó bàjẹ́, a óò ra òmíràn. Ó dìgbà míì o.