Gbèsè àti Iṣẹ́ Àṣírí Ìjọba: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí, tí a sì ti gba ìwé ọmọ ìlú. A mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun, bíi Newport News ní ìpínlẹ̀ Virginia, àti fún awakọ̀ tí yóò máa kó ẹrù ológun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe bí ìjọba kò bá fún ènìyàn ní àṣẹ ìfọkàntán, pé ẹni yìí lè sún mọ́ ohun àṣírí. Gbèsè sì wà lára ohun tí ó ń gba àṣẹ náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Kí ló kan ìjọba nínú gbèsè ẹni? Wọ́n ní ẹni tí gbèsè ká mọ́ lè ta àṣírí. Ó sì ti ṣẹlẹ̀. Aldrich Ames, òṣìṣẹ́ CIA, jẹ gbèsè nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1985 ó ta àṣírí fún àwọn ará Soviet, 50,000 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ san fún un. Wọ́n pa lára àwọn tí ó dárúkọ. Ọdún 1994 ni ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Òfin tí wọ́n ń lò láti oṣù kẹfà ọdún 2017 kò dá iye kan pé bí gbèsè bá ti tó báyìí, ó parí. Wọ́n ń wo ohun tó fà á, àti ohun tí o ṣe sí i. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, tàbí tí àìsàn tàbí ikú da ilé rú, wọ́n lè rò ó mọ́ ọn lára, bí ó bá ṣáà ti sa ipá rẹ̀. Ẹni tí ó bá olówó ṣe àdéhùn, tí ó ń san díẹ̀díẹ̀, tí rìsíìtì sì wà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń rọ̀. Ti ẹni tó fi tẹ́tẹ́ jẹ gbèsè, tàbí tí kò kọ ìwé owó-orí rẹ̀, kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí SF-86 ń béèrè gbèsè tó ti kọjá 120 ọjọ́ láìsan, láàárín ọdún 7. Ó tún ń béèrè èyí tí o ṣe onídùúró fún. Ẹ dúró níbí o! Àwa Yorùbá, àna kan á fẹ́ ra mọ́tò, a ó fọwọ́ sí i, nítorí ojú ń tì wá. Bí kò bá san, orúkọ tiwa ni yóò wà nínú ìwé.

Ẹlòmíràn á ní òun kò ní kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Èyí ló burú jù. Láyé àtijọ́, olówó a rán ológò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀. Ní ìlú yìí, ìwé ni ológò. Equifax, Experian àti TransUnion ń kọ gbèsè olúkúlùkù sílẹ̀, ìjọba sì ń wò ó, kódà lẹ́yìn tí o ti wọ iṣẹ́. Ẹ lè gba ti yín lọ́dọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ nínú fọ́ọ̀mù náà lè lọ ẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 5.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí wọ́n bá ti gba àṣẹ náà tán, agbára ẹgbẹ́ kéré. Lébìrà kan, Thomas Egan, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ṣe ní Bremerton, ìpínlẹ̀ Washington. Wọ́n kọ̀ láti fún un ní àṣẹ, iṣẹ́ bọ́. Ẹ̀sùn ilé ẹjọ́ àtijọ́ ni tirẹ̀, kì í ṣe gbèsè. Ṣùgbọ́n ní 1988 ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a pé ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n lé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìdí tí wọ́n fi kọ àṣẹ náà wò. Ìdájọ́ yìí kò dùn mọ́ wa nínú, òun sì ni òfin.

Nítorí náà, kí wọ́n tó gbà á ni kí ẹ ké sí wa. Bí lẹ́tà bá dé tí wọ́n to ẹ̀sùn sí, àyè wà láti fèsì, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ náà gan-an, kí a jọ kó rìsíìtì jọ. Ẹni tí fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó rí akọ̀wé kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí ojú bá ń tì í, kí ó dúró títí ìpàdé yóò fi tú ká.